Ẹsẹ̀ Bàtà Méje sí Ẹyinjú

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi di orí téèpù mú
lábẹ́ lẹ́ńsì Arvid Koskela.
Èmi ni mo ń wọn ọ̀nà
láti ẹnu kámẹ́rà dé ẹyinjú òṣèré:
ẹsẹ̀ bàtà méje, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀,
nígbà mìíràn íǹṣì mẹ́sàn-án péré
bí omijé bá fẹ́ bọ́.

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ Duluth ni,
létí adágún tí í dì gbagidi bí òtútù bá dé.
Bàbá rẹ̀ ń kó òkúta irin sínú ọkọ̀ ojú omi,
ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ olówó lẹ́bàá fèrèsé kan ṣoṣo.
"Ibẹ̀ ni mo ti kàwé," ló wí fún mi lẹ́ẹ̀kan.
"Ìmọ́lẹ̀ á gba ọwọ́ òsì wọlé,
á bà lé ọwọ́ màmá mi, á bà lé irin ìlọṣọ,
kò ní dé ojú rẹ̀.
Síbẹ̀, mo máa ń mọ̀ bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́."

Ní Los Angeles, ó ru wáyà, ó nu lẹ́ńsì,
ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó jẹ́ kó yọjú wo ihò kámẹ́rà.
Láyé ìgbà náà, iná mẹ́rìnlélógún
ni wọ́n ń tàn sí ojú obìnrin kan;
ojú á máa dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀,
kò ní séèyàn nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó pa iná, mo wà níbẹ̀.
Ó pa ọ̀kan, ó pa èkejì, ó ń pa á lọ
títí ó fi ku ẹyọ kan lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.
Mísítà Trant tó ni owó fò dìde:
"Ṣé ojú tí mo rà lọ́wọ̀n-ọ́n gógó lo fi sínú òkùnkùn?"
Arvid ní, "Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀."
Wọ́n lé e kílẹ̀ tó ṣú.
Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n wo fíìmù ọ̀hún tán,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago.

Ó ṣe èyí tí kò dára pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ n purọ́.
Èyí tí a yà ní aṣálẹ̀ Nevada, iyanrìn ló jẹ ẹ́.
Mo ṣi ọ̀nà wọ̀n lọ́jọ́ mẹ́ta gbáko;
ó sọ fún wọn pé òun ni.

Nísinsìnyí, gbogbo ọmọ tó bá gbé kámẹ́rà ló ń pa iná.
Wọ́n ń pa á ní àpajù.
Wọ́n rò pé òkùnkùn ló fẹ́ràn.

Mo lọ kí i lóṣù tó kọjá. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì,
ó jókòó, fèrèsé wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.
"Marlys, ẹsẹ̀ bàtà mélòó?"
N kò mú téèpù dání. Mo ní, mẹ́rin.
"Mẹ́rin ó lé íǹṣì méjì," ló wí,
ó sì di ojú.
Nígbà tó sùn, mo tú bẹ́líìtì mi, mo fi wọ̀n ọ́n.
N ò sọ fún un.