Ẹ̀wá Mẹ́ta

Wọ́n tẹ́ ọmọlángidi sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn òkè,
ní Màríínà, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ọ̀sà.
Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀,
àyà rọ́bà nìkan, àti ẹnu tó là sílẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ bèèrè ọ̀nà.
Nọ́ọ̀sì Fìlómẹ́nà ká gègé mọ́ bébà:
"Baba Lífìtì, ó kàn yín."

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń tẹ bọ́tìnì fún àwọn ọ̀gá.
Òní ni wọ́n ní kí n wá tẹ àyà.

Bí ẹ bá bá àgbàlagbà nílẹ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?
Mo ní, màá wo àyíká, kí wáyà iná má baà pa èmi náà.
Màá gbá a léjìká, màá pè é,
màá wò ó bóyá àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.
Bí kò bá mí,
tàbí tó kàn ń já èémí gbà bí ẹja orí ilẹ̀,
màá nàka sí ẹnì kan:
ìwọ alásọ búlúù, pe ọkọ̀ aláìsàn!
Ìwọ, sáré gbé ẹ̀rọ wá!
Torí bí a bá ké pe gbogbo ayé,
kò sẹ́ni tó máa dáhùn.

Ó fàmì sí i. Kò bèèrè ibi tí mo ti kọ́ ìyẹn.

Báwo ló ṣe máa jìn tó?
Íńṣì méjì, kó lé díẹ̀,
ọwọ́ lórí ọwọ́ láàárín àyà, kí ìgbọ̀nwọ́ má ká,
ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan.
Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi dún ju ọmọlángidi lọ.
Oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ó ń lọ geere,
ṣùgbọ́n ta ló lè pe ẹẹ́tàdínlógún tán
láàárín ìtẹ̀ kan sí èkejì?
Ahọ́n mi kọsẹ̀, ọwọ́ mi dúró dè é.
"Baba, ọkàn kì í dúró de ìṣirò."
Ni mo bá fi ọgbọ́n wá ọgbọ̀n:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá.
Ẹ̀wá kan. Ẹ̀wá méjì. Ẹ̀wá mẹ́ta.
Mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, mo fún un ní èémí méjì,
mo padà sórí ení.

Ẹ̀rọ ata-ọkàn-jí ń kọ́? Mo mọ̀ ọ́n.
Ẹ nu òógùn àyà rẹ̀ gbẹ,
ẹ lẹ ọ̀kan sábẹ́ egungun ọrùn lọ́tùn-ún,
ẹ lẹ èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, nísàlẹ̀ abíyá.
Bó bá ní kẹ́ni kankan má fọwọ́ kàn án, kẹ́ni kankan má kàn án.
Bó bá ta á tán, ẹ má dúró wòran, ẹ tún tẹ̀.
Ẹ̀rọ ò lè di ẹ̀rọ̀ bí ọwọ́ bá sinmi.

Ọdún mẹ́ta ló fi wà nínú àpótí gíláàsì nísàlẹ̀.
Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń nù ún.
Mo rò pé mítà iná ni.

Ìgbà wo lẹ máa dáwọ́ dúró?

Láàárín àjà kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni lífìtì mi wà
nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéṣígbìn, akáńtà,
tó máa ń fi ẹ̀pà inú ìwé ìròyìn kí mi láàárọ̀,
jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀.
A fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. A da omi sí i lórí.
Ẹnì kan fi ṣíbí la eyín rẹ̀,
ẹnì kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.
Gbogbo wa la pe orúkọ rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àyà.

"Baba? Ìgbà wo?"

Bó bá mí. Bí àwọn tó mọ̀ ju mí lọ bá dé.
Bí apá mi ò bá gbé e mọ́.

"Ẹ yege. Ẹ dìde, ó ti tó."
Èje ni mo ṣì wà.