Kògbóògùn Gbọ́ Oògùn

Aago ni mò ń tún ṣe lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
ní Òṣogbo, níbi tí réluwéè ti ń dé
nígbà tó bá wù ú.
Aago ara ògiri mẹ́ta ni mo tú palẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn
kí èmi àti Ráfátù tó gba ọsibítù Aṣúbíàró lọ.
Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún epo ẹ̀rọ
nígbà tí Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́ gún ìka mi lábẹ́rẹ́.
Ìlà méjì.
Ráfátù jókòó tì mí. Ìlà kan ni tirẹ̀.

Mo ní, "Ara mi le. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Fìà ni,
n kò mí gúlegúle.
Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Bó bá dá mi dùbúlẹ̀, n ó padà wá."
Nọ́ọ̀sì yọ awò ojú rẹ̀.
"Bàbá Aláago, bí omi bá ń jò wọ inú aago,
ṣé ìgbà tó bá dákẹ́ tán lẹ tó ń ṣí i?"

N kò fèsì.
Ó ní nígbà kan rí, wọ́n á ní kí èèyàn lọ dúró ná,
kí ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jìn wọnú,
kí wọ́n tó fún un ní oògùn.
"Àwọn tó dúró yẹn, mo mọ orúkọ wọn.
Mo mọ orúkọ ìyàwó wọn pẹ̀lú."
Ráfátù ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.
Ọjọ́ náà gan-an ni mo gbé ike oògùn délé.

Lóru, ó tẹ́ ẹní tirẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé.
Mo gbọ́ ọ tó ń pe orúkọ àrùn náà lábẹ́nú,
kògbóògùn, kògbóògùn,
bí ẹni ń pa ẹ̀pà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìdájí ló tó bá mi sọ̀rọ̀:
"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ yìí?
Ṣé wọ́n tètè bá a sọ̀rọ̀ ni, tí kò gbọ́?"

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, hóró kan.
Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àlá burúkú, èébì.
Rọ́bà ìdáàbòbò nínú àpótí aṣọ, títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dáhùn.
Inú aago kan tó ti kú ni mo ń fi oògùn pamọ́ sí,
nítorí ìyá Ráfátù wá kí wa láti Ìrágbìjí, kò sì tètè lọ.
Ìyá gbé aago náà, ó mì ín.
"Èyí tó ti kú, kí ló ń dún pẹkẹpẹkẹ nínú rẹ̀?"
Ọ̀fun mi gbẹ.
Ráfátù ní, "Ìṣẹ́jú ni, Ìyá.
Ìṣẹ́jú tó ṣẹ́ kù fún un ni."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ mi,
wọn kò rí i.
Wọ́n tún wá a nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Wọn kò rí i.
"Kò lọ o," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó ń na ìka sí mi.
"Olè tó wà lájà ni, tí kò lè sọ̀ kalẹ̀
nítorí ajá ilé kò sùn.
Ẹ má jẹ́ kí ajá sùn lálẹ́ ọjọ́ kan.
Bí a kò bá ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ yín,
kò lè gba orí ibùsùn kọjá sára Ráfátù."
Ó tún yẹ Ráfátù wò. Ìlà kan.

A kò sọ nǹkan kan nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi délé.
Ó ká ẹní ẹ̀bàá fèrèsé,
ó fi okùn dì í, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù
níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tètè tó o.

Aago mẹ́sàn-án lù.
Ráfátù na ife omi sí mi.
Réluwéè kò tíì dé.