Òru Kan Lórí Dartmoor

Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ ní Belstone, ó yí padà,
ó lọ bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.
Mofíyìn gbé báàgì tó ga ju orí ẹ̀ lọ;
tèmi ni àgọ́, sítóòfù kékeré, àti gàrí.
Ó ní, "Mọ́mì, ta ló ń gbé gàrí gun òkè?"
Mi ò fèsì. Èmi tí mo ru igi ìdáná ní Ìgbájọ,
tí mo búra pé ẹrù ò ní kan ara mi mọ́,
ẹ wò mí bí mo ṣe sanwó ra ẹrù.

Ibi tá a dé, kò sí ẹ̀rọ omi, kò sí ilé ìgbẹ́,
àfi ṣọ́bìrì kékeré tí à ń fi ìtìjú gbé.
Àgùntàn mẹ́ta ń wò wá bí onílé tó ń retí owó ilé.
Afẹ́fẹ́ fẹ́ gba àgọ́ lọ́wọ́ wa;
a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní agogo méjì òru, òjò dé.
Ó ń kán sí mi nímú, ọ̀kan, ọ̀kan,
gẹ́lẹ́ bí páànù ìyá mi ṣe máa ń jò.
Mo nawọ́ gbé ife síbẹ̀.
Ìró náà ló mú mi sùn.

Láàárọ̀, a fi omi odò Taw tá a ti sè mu gàrí.
Mofíyìn lá ṣíbí.
"Ṣé ó kù?"

A ká àgọ́. Koríko tó dọ̀bálẹ̀ fún wa lálẹ́ àná
ti ń dìde díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni pé a ò wá.