Mo Máa Ń Tutọ́ Sáyà

Nígbà tí oyún Àṣàbí pé oṣù márùn-ún,
ìyá ọkọ mi pè mí sí kọ̀rọ̀ ilé wa ní Ìdí-Arẹrẹ,
ó ní, "Bí o bá pàdé arọ, gbé ojú kúrò.
Bí o kò bá rí i gbé kúrò, tutọ́ sáyà.
Ohun tí aboyún bá tẹjú mọ́, òun ni inú rẹ̀ ń yà ní àwòrán."
Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo gbà á bí ẹní gba oògùn.

Gàníyù sì wà níbẹ̀ láràárọ̀,
lábẹ́ igi dóńgóyárò tó kọjú sí ilé epo,
lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fi ọwọ́ wà,
ẹsẹ̀ méjèèjì ká sábẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tí a kò tíì rán,
súkúdíráfà lẹ́yìn etí bíi bírò akọ̀wé.
"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá ìbejì."
Mo tutọ́ sáyà.
Lọ́jọ́ kejì mo gba ẹ̀yìn ilé Alájì, ọ̀nà jíjìn,
torí kí n má baà rí ẹni tó kí mi.

Ọjọ́ Ẹtì kan, maṣíìnì mi kọ iṣẹ́.
Ó ń já òwú, ó ń já òwú, abẹ́rẹ́ kẹta ti kán.
Aṣọ ilé-ìwé mẹ́rìnlélógún wà nílẹ̀, ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ ẹ,
owó rẹ̀ ti wọ ikùn, kò sí nínú àpò.
Mo wá oníṣẹ́ dé Ògùnpa.
"Ẹ gbé e fún Gàníyù," ni wọ́n ń wí,
ẹnu mẹ́ta, orúkọ kan.

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo kọjú sí ọ̀nà Bẹẹrẹ
bí ẹni pé mọ́tò ni mo ń retí.
Kò kọ́kọ́ ṣí i.
Ó fi etí lé e lára, ó fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, ó dijú.
"Ibi tó ti ń dùn ún kọ́ lẹ ti ń nà án. Abẹ́ ló ti ń ké."
Ìka rẹ̀ wọ ibi tí ìka mi kò dé rí,
ó yọ ìdì òwú kan jáde, dúdú, kò ju èékánná lọ.

Ìgbà náà ló wá wí, láì gbójú sókè:
"Mo máa ń rí i, tí ẹ bá ń tutọ́."
Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo jókòó lé.
"Ẹ má fòyà. Baba tó bí mi ga bí òpó iná,
ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń wò ó nígbà tó lóyún mi.
Ẹ wo bí mo ṣe ga tó."
Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi kí ojú tó tì mí.
Ọmọ inú mi ta mí nípàá.

N kò gba ẹ̀yìn ilé Alájì mọ́.
Kì í ṣe pé mo di ènìyàn rere; maṣíìnì tó gbó a máa ṣàìsàn.
Mo wá mọ̀ pé kì í jẹ ata,
pé àtẹ̀gùn báǹkì ló ń bá a jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a jà.
Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọlọ́dẹ báǹkì ju ogún náírà sí i nítan.
Ó ní, "Ẹ ṣé o. Owó ni mo wá fi pamọ́."
Inú bí mi sí ọlọ́dẹ yẹn títí dé ilé,
kí n tó rántí itọ́ mi.

Àṣàbí ti pé ọdún mẹ́fà báyìí, kì í jókòó kalẹ̀.
Bó bá ti ilé-ìwé dé, orí itan Gàníyù ló ń gùn,
wọ́n á jọ wa kẹ̀kẹ́ sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
òun á máa ké "Ẹ yà! Ẹ yà!" sí ewúrẹ́ àti ọlọ́kadà.
Lánàá, maṣíìnì tún dákẹ́.
Kí n tó gbé e, ọmọ ti fi etí lé e lára, ó dijú.
"Màámi, abẹ́ ló ti ń ké."
Ìyá ọkọ mi mí kanlẹ̀ láti orí ẹní rẹ̀:
"Mo wí fún ọ. Wò ó bó ṣe jọ ọkùnrin yẹn."

N kò tutọ́.
Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."