Nínú Ìdúró

Ní Kajaani, lóṣù kìíní, ọ̀sán kì í pẹ́ lọ.
Aago mẹ́ta lù, òkùnkùn ti jókòó sójú fèrèsé.
Ẹ̀gbọ́n mi Tarmo tẹrí bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀,
ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́sẹ̀, búrẹ́dì dúdú lẹ́nu.

Wàhálà rẹ̀ nìyí, bó ṣe là á yé mi:
àwòrán eré ń bọ̀ ní wóró-wóró,
wóró kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀ lódidi.
Ṣùgbọ́n ojú gíláàsì yìí kì í gba odidi.
Ìpele mẹ́jọ ló ní, wọ́n wọ̀ léra bí aṣọ òtútù;
àfi kí o la wóró sí awẹ́ mẹ́jọ,
kí awẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ ìpele tirẹ̀
kí àwọ̀ kan ṣoṣo tó lè hàn.

Rauno tó ń gbé lẹ́yìn ilé epo
ní ẹ̀rọ eré tuntun, ṣípù kan wà nínú rẹ̀
tí kò níṣẹ́ míì láyé ju ká lawẹ́ lọ:
da wóró méjìlélọ́gbọ̀n sí i,
padà gba awẹ́ wọn, ní títò.
“Irin ló ń bá mi ṣe é. Ìwọ ń forí ṣe é.”
Àwòrán mẹ́rìnlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún Rauno.
Mẹ́sàn-án fún Tarmo. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Mẹ́sàn-án.

Màmá wa Helvi ń ya lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́.
Lọ́dún yẹn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ayalẹ́tà wá fún wọn.
“Ó yára o,” ló wí, ó ń bọ́ bàtà yìnyín,
“ṣùgbọ́n èmi ni mò ń kó lẹ́tà sí i lẹ́nu,
èmi náà ni mò ń kó o kúrò nídìí rẹ̀.
Tí mo bá ń rìn lọ síbi àpótí, ọwọ́ mi ti ń yà á lọ.
Kí n tó débẹ̀, kí ló kù?”

Tarmo gbójú sókè. Kò jẹun alẹ́.

Owó tó fi kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà àwọn arúgbó
ló fi ra ọpọlọ tó yára fún kọ̀ǹpútà rẹ̀.
Àmọ́ ibi tí àwòrán ń gbé ṣì ń fà bí ìgbín;
gbogbo ìgbà tí ọpọlọ bá gbé ẹrù débẹ̀, yóò dúró.
Inú ìdúró yẹn ló ki iṣẹ́ bọ̀:
yí i, bò ó, pààrọ̀ rẹ̀, tún un yí,
awẹ́ ń jáde bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni.
Mọ́kàndínlógún.
Rauno wá wò ó, kò tilẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́.
Ṣípù tirẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni;
bó ṣe yára lánàá náà ló yára lónìí.
Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún.

(Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ayalẹ́tà gba àga màmá.
Mi ò tíì mọ ibi tí ìyẹn wọ̀ nínú ìtàn yìí.)

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó yọjú láti ilé ìdáná:
“Ọkùnrin inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ṣé ó ti rọ́nà jáde?”
“Rárá,” ni Tarmo wí. “Ṣùgbọ́n ó ti ń sáré.”