Èèrà Ló Kọ́kọ́ Mọ̀

Èèrà ló kọ́kọ́ mọ̀, kí dókítà tó mọ̀.
Lẹ́yìn ilé wa ní Aláàkíà, níbi tí mo dúró tọ̀ sí lóru
torí iná lọ, omi ẹ̀rọ ò sì yọ,
ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti tò síbẹ̀ bí èrò tó fẹ́ wọkọ̀.
Ìyá mi wò wọ́n, kò sọ̀rọ̀.
Ó kàn gbé agolo ṣúgà kúrò nídìí ẹ̀kọ mi.

Èmi Akínlàbí, tó ti wakọ̀ òfúrufú fún ọdún mọ́kànlá,
tó mọ bí atẹ́gùn ṣe ń yí lókè omi Ẹlẹ́yẹlé,
n kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń dùn.
Ta ní í tọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò?

Ní Bódìjà, Dókítà Fáṣọyìn na fọ́ọ̀mù sí mi:
Ǹjẹ́ o ti dákú rí? Ǹjẹ́ ojú rẹ máa ń ṣú?
Àìsàn wo ló ń bá ọ jà?
Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn kò gùn ju ìka lọ,
gbogbo ojú ọ̀run sì wà nínú rẹ̀.

Ládiméjì tí a jọ kọ́ṣẹ́ ti sọ fún mi lórí fóònù:
“Kọ ‘rárá’ síbẹ̀. Ta ló fẹ́ wo inú iṣan rẹ?”
Mo gbé bírò.
Mo rántí ìyá kan tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún níjòókòó kẹta,
bàbá kan tó ń yí tẹ̀sùbáà,
àádọ́rin èèyàn
tí ẹnì kan nínú wọn ò bi mí ohun tí mo jẹ láàárọ̀.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: àtọ̀gbẹ.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ìwé-àṣẹ mi.
N ò ní parọ́, mo sunkún nínú mọ́tò ní Mọ́kọ́lá,
ọlọ́pàá ojú pópó ń juwọ́ sí mi, n ò rí i.

Oṣù mẹ́rìnlá.
Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láàárọ̀, kò tó ojú ẹ̀wà.
Mo ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé iṣẹ́-ilé tí ọmọ mi lò kù.
Èyí tó ga: iyán ilé àna mi.
Èyí tó já wálẹ̀: ọjọ́ tí ọwọ́ mi gbọ̀n,
tí Ìbíwùmí ń ki gúlúkóòsì bọ̀ mí lẹ́nu
bí ẹni ń bọ́ ọmọ ẹyẹ.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ òfúrufú Àbújá á balẹ̀,
ife á máa ró lórí àwo.
Mo mọ ohùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ ikọ́ ìyá mi.
“Ó pẹ́ kó tó gbé imú sókè,” màá ní.
Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ìdáhùn dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò ń rọ̀.
Mo lè fò, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan:
kí awakọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
kí n gún ìka kí n tó gbéra, kí n tún gún un lókè,
kí ohun dídùn má wọ́n lápò mi.

Ìyá mi ní kí n tún apá ìkẹyìn kà.
Ó bú sẹ́rìn-ín: “Ọmọ tí mo nà torí ṣúgà,
ìjọba ti wá pa á láṣẹ!”
Ó wọlé, ó gbé agolo tó ti fi pamọ́ látọjọ́ yìí jáde,
ó ka hóró mẹ́fà sínú ọ̀rá,
ó fẹ́ èèrà kúrò lára wọn,
ó so ó ní kókó.