Ihò Ẹ̀yìn Ògiri

Ní Òkè Súnà, lẹ́yìn ilé aláwọ̀ eérú
tí kò ní fèrèsé, ihò kan ń mí.
Ẹgbẹ̀rún ayárabíàṣá ló wà nínú, wọn kì í sùn;
owó olówó, àwòrán ọmọ ọlọ́mọ,
ni wọ́n ń kà tọ̀sán tòru.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, èpè la máa ń ṣẹ́ fún un.
Ṣùgbọ́n òjò Agẹmọ dé,
ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí kò dá,
ìledìí ọmọ Ṣìfáwù kọ̀, kò gbẹ.
Lámídì ọlọ́dẹ bá ta okùn síbẹ̀.

Ìledìí mẹ́fà! Wọ́n gbẹ kí wọ́n tó pèrun mọ̀gàríbì.
Òun náà gbé orúnkún tó ń dùn ún ti ògiri,
ó ní: “Ẹ̀yin tí ẹ ń kawó,
ẹ kú iṣẹ́.
Èyí tó kàn mí nìyí.”